Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ kí placement rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Fọlákẹ́ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí o sì ka ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí sí wọn létí, torí Bàbá ṣì ń bèèrè bóyá físíò lo fẹ́ kọ́. Occupational therapy lo fẹ́ kọ́. Iṣẹ́ méjèèjì máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Físíò ń wo bí ẹsẹ̀ àti apá ṣe ń lágbára sí i. Occupational therapist ń wo bóyá ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà lè wẹ̀, kó wọṣọ, kó dáná, kó dé ilé ìgbẹ́ kó sì dìde níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, ní Ifẹ̀ àti ní Oshodi.

Sọ fún Màmá pé wọn kì í sanwó fún ọ ní placement, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, nítorí pé ẹ̀kọ́ ni. WFOT, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ yìí, ló ní kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 1,000 tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹni tó ti gboyè. Bí o bá ń ṣe wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ bíi ti òṣìṣẹ́ NHS (ètò ìlera ìjọba níbí), ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 27, tí wọ́n máa pín kiri àwọn ọdún ẹ̀kọ́ rẹ. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá ọ dúró sílé kò sí nínú rẹ̀ náà. O máa padà wá san án ni. Máa kọ wákàtí rẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí olùtọ́sọ́nà rẹ sì fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìwé ló máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilé wá dúró jù. Abẹ́rẹ́ hepatitis B, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gbà á: èkíní, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, èkẹta nígbà tí èkíní bá pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó mú. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀ wò: bí o bá dúró dìgbà tí o bá débí, placement àkọ́kọ́ lè ré ọ kọjá. Wọ́n á tún bèèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ MMR (ti measles, mumps àti rubella) méjì àti BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ). Gba ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà kí o tó wọkọ̀ òfúrufú, torí ìwé DBS tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò níbí kò lè sọ bí o ṣe gbé nílé. Ní ti físà, wákàtí placement kò sí lára 20 tí wọ́n gbà ọ́ láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, torí apá kan ẹ̀kọ́ rẹ ni. Àmọ́ jọ̀wọ́, má ṣe iṣẹ́ care (ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera) lóru kí o tún wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀. Ẹni tí oorun ń kùn kò gbọdọ̀ di aláìsàn mú.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Nílé, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í wojú àgbà, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá bi í. Níbí, orúkọ àbísọ ni wàá fi máa pe olùtọ́sọ́nà rẹ, ohun tó sì ń fún ní máàkì ni ìdí tí o fi ṣe nǹkan. Bí o bá ṣe é dáadáa láìsọ ìdí rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí ẹ̀rí pé o mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó mọ̀wé dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀.

Wò ó báyìí. Wọ́n ní kí o wo àga bàbá kan tí wọ́n pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀, tí dókítà rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ tẹ ìbàdí náà kọjá ìwọ̀n igun 90°. (Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti fi òfin yẹn sílẹ̀, nítorí náà kọ́kọ́ bèèrè.) Wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún, pẹ̀lú bàtà tó máa ń wọ̀. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 44. Fi nǹkan bíi 5 kún un, ó di 49. Wàyí o, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn wọn àga nígbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Fóòmù máa ń rì. Àga tó jẹ́ 46 lófìfo lè di 41 bí bàbá bá jókòó. Nígbà náà, 8 lo nílò láti fi gbé ẹsẹ̀ àga sókè, kì í ṣe 3. Sọ ìṣírò yẹn jáde fún olùtọ́sọ́nà rẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n á tún ní kí o wo bí ìyá àgbà kan ṣe ń po tíì. Kì í ṣe tíì ni wọ́n ń wò. Ṣé ó rántí ibi tí ife wà, ṣé ó pa kẹ́tù, ṣé ó mọ̀ pé omi gbígbóná ń jóni, báwo ni yóò ṣe gbé ife nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí férémù tó fi ń rìn? Ọwọ́ rẹ á máa yún ọ láti ràn án lọ́wọ́, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Fà á sẹ́yìn àyàfi bí ewu bá dé. Ka iye ìgbà tí o rán an létí: ti ẹnu lọ́tọ̀, ti kí o nawọ́ sí nǹkan lọ́tọ̀, ti kí o di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́tọ̀. Kí o sì kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń mu tíì. Ìyá Yorùbá kan ní Peckham tó jẹ́ pé ọkà ló ń rò lójoojúmọ́, kí ni tíì máa sọ fún wa nípa ilé ìdáná rẹ̀? Bí o bá dábàá pé kí ó ro ọkà, tí o sì ṣàlàyé pé ọkà gba agbára èjìká àti ìdúró ju tíì lọ, o ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bí o bá ń kọ̀wé, má kọ pé "ó ṣe dáadáa." Kọ pé ó dìde lórí àga 49 nígbà kejì, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, láìsí ẹni tó dì í mú. Kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí olùtọ́sọ́nà sì fọwọ́ sí i.

Wákàtí kan wà lọ́sẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà rẹ. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Mú aláìsàn kan àti ìbéèrè méjì dání. Bí placement bá dé ìdajì, á kọ ìròyìn nípa rẹ. Bí ìyẹn kò bá dára, pe olùkọ́ rẹ ní yunifásítì lọ́jọ́ náà, má ti ojú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn tún placement tó fìdí rẹmi ṣe.

Ya káàdì abẹ́rẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, iwájú àti ẹ̀yìn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ