Àbẹ̀kẹ́, níbo ni owó yẹn ti ń wá?

Lánlátẹ̀, Ìbàràpá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún màmá rẹ ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ funfun bí méjì, ọ̀kan kú. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, o ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, o sì pa fóònù. Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè dáa! Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ wálé wá sìnkú. Irú iṣẹ́ yín lòun náà ń ṣe l'Ékòó. Ó ní ilé iṣẹ́ yín ti ní kí gbogbo àwọn tó ń gbé VSAT, abọ́ tó ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lára sátẹ́láìtì, kọ́ fún báńkì máa lọ sílé, ó sì ti tó oṣù mélòó kan. Mo ní irọ́ ni, torí owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ kò yẹ̀ lóṣù kankan. Ó wò mí, kò fèsì. Àtìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Bí iṣẹ́ bá ti lọ, níbo ni owó yẹn ti ń wá? Mo ń gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọ́n á máa fi àwòrán onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Jọ̀wọ́, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn lo lọ o?

Mi ò bínú pé iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ náà ló yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Sátẹ́láìtì tí ẹ̀yin ń dojú abọ́ kọ wà lókè réré, kìlómítà 35,786, ó ń bá ayé yí, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé kò kúrò lójú kan. Mo rántí ọjọ́ tí mo bá ọ gun òrùlé báńkì yẹn ní Ìsẹ́yìn. O tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, o fi ìka kan ti abọ́ náà, ojú rẹ ò kúrò lára mítà. Nọ́ńbà gòkè, ó já wálẹ̀, o dá abọ́ padà ní ìwọ̀n irun orí, o sì fún un pa. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ yẹn gan-an ni wọn ò fẹ́ rà mọ́. Àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Nàìjíríà ní January 2023, nǹkan bíi kìlómítà 550 péré ni wọ́n ti ń fò, wọ́n pọ̀ lọ súà, bí ọ̀kan ṣe ń wọ̀ ni òmíràn ń yọ, abọ́ wọn fúnra rẹ̀ ló sì ń wá wọn kiri. Ẹni tó bá lè gbé àga síta lè gbé e kalẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì ńlá náà ti rí i. Viasat ra Inmarsat ní 2023, Eutelsat da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ OneWeb lọ́dún kan náà, SES ra Intelsat ní 2025. Intelsat! Èyí tí àwa dojú abọ́ ńlá Lánlátẹ̀ kọ títí irun wa fi funfun. Bí àwọn yẹn bá ń sá di ara wọn, kí ni ìwọ ń jókòó retí? Mo ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, o ní, "Bàbá, mo ti ní sátífíkéètì GVF." Sátífíkéètì pé o mọ bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ kọ́ òrùlé!

Mo bi ọmọ yẹn léèrè irú ẹni tí wọ́n ń gbà báyìí. Ó ní ẹni tó lè so okùn fáíbà inú ilẹ̀, 4G àti sátẹ́láìtì pọ̀, kí ọ̀kan lè gbà á nígbà tí èkejì bá já. Ṣé o rántí March 2024, tí okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àwọn báńkì dákú? Ibẹ̀ ni ojú wọn ti là. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ IP routing, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń darí ọ̀nà tí dátà ń gbà, dénú, tó lè kọ èdè kọ̀ǹpútà Python kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ara rẹ̀. Wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ètò ààbò. Ọjọ́ tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní February 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún módẹ̀mù sátẹ́láìtì KA-SAT ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pa, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn múná wá ní Jámánì. Ẹnikẹ́ni ò gun òrùlé kó tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ò mọ̀: òjò, irin tó dógùn-ún, wáyà tí eku jẹ. Tí o bá fi tiwọn kún un, wọn ò ní lè tì ọ́ sẹ́yìn.

N'Ífẹ̀, nínú ọgbà OAU, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní ARCSSTE-E. Ọdún 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì so mọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n ń kọ́ ẹni tó ti jáde yunifásítì ní iṣẹ́ sátẹ́láìtì níbẹ̀. Ìjọba náà á wá èèyàn: December 2011 ni wọ́n yin sátẹ́láìtì wọn, NigComSat-1R, sókè, ọdún 15 ni wọ́n dá fún un, ó ti ń lọ sópin. Ẹ̀gẹ́ oko odò ti tó wú, mo ti bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Owó ẹ̀kọ́ kọ́ ni ìṣòro wa.

Ìṣòro mi ni owó tí ò ń fi ránṣẹ́.

Nígbà tí okùn SAT-3 dé ní 2002, ìpè òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́ omi, owó iṣẹ́ òru wa gbẹ. Àyè wà láti lọ kọ́ iṣẹ́ okùn. Mi ò lọ. Mo ní èmi tí mò ń bá òfúrufú sọ̀rọ̀, ṣé kòtò ni n ó wá máa gbẹ́? Mi ò sì sọ fún màmá rẹ pé owó ti dín. Mò ń yá, mò ń kà á lé e lọ́wọ́ bíi owó oṣù. Ìgbà tó yá, ẹni tó yá mi wá dógò sẹ́nu ọ̀nà wa. Ìwọ lo bu omi fún un. Ọmọdé ni ọ́, o rò pé àlejò ni, o kúnlẹ̀ kí i. Ó mu omi náà tán, ó sì jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Aṣọ òkè tí màmá rẹ fi ṣègbéyàwó ni mo tà san án. Kò bá mi jà. Ó ìbá bá mi jà ni.

Àwọn ti orí fóònù kì í wá gba omi mu, Àbẹ̀kẹ́. Èlé ojoojúmọ́ ni tiwọn. Ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni, àbí òmíràn? Mi ò ní pariwo. Mo ti pariwo tán nínú lẹ́tà yìí.

Ṣeun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ó ń gbé gàrí bọ̀. Kọ orúkọ gbogbo ibi tí o ti yáwó, pẹ̀lú iye rẹ̀, fún un. Bó bá sì jẹ́ irọ́ ni ọmọ Alágbẹ̀dẹ pa, kọ ìyẹn náà, kí n lè lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Má fi owó oṣù yìí ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Èmi ni n ó wá nǹkan sọ fún un.

Bàbá rẹ