Ọrùn-ọwọ́ náà jẹ́ ọ̀nà sí iṣan ọrùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí iṣan ọrùn tó dí, tó ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ó yé mi dáadáa. Àmọ́ ẹ ní abẹ́ itan ni dókítà máa ń gbà ti sítẹ́ǹtì, ìyẹn ọ̀pá wáyà kékeré tó ń la iṣan tó dí, wọlé, bí ẹni pé ọ̀nà mìíràn ò sí. Ọ̀nà mìíràn wà: ọrùn-ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti yàrá iṣẹ́ náà. Ìgbà tí dókítà bá bọ́ ìbọ̀wọ́ ni iṣẹ́ tèmi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n gba itan rẹ̀ wọlé sábà máa ń nà gbalaja fún wákàtí mélòó kan. Kò gbọdọ̀ ká orúnkún, kò gbọdọ̀ gbé orí. Bàbá kan wà tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́. Ó fara dà á, ó fara dà á, ó wá yí ìdí padà díẹ̀. Nígbà tí mo ṣí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ti rin bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tẹ ibẹ̀, ó sì tó ìdajì wákàtí kí n tó lè gbé e kúrò. Apá mi ń gbọ̀n. Bàbá yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ lè ya sẹ́yìn ikùn, níbi tí ojú kò tó, ìyẹn sì burú ju èyí tí mo rí lọ.

Ẹ rántí pé ẹni tó fẹ́ gba sítẹ́ǹtì ti ń lo aspirin àti clopidogrel, wọ́n á tún fún un ní heparin nígbà iṣẹ́ náà. Oògùn tó ń ṣọ́ ọpọlọ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ojú ihò itan tètè dì.

Ti ọrùn-ọwọ́ yàtọ̀. Iṣan ibẹ̀ súnmọ́ awọ ara, egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó rọrùn láti tẹ̀. Ìgbànú kékeré tó mọ́ gaara bíi gíláàsì la máa ń dì mọ́ ọn, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo máa ń tú atẹ́gùn náà díẹ̀díẹ̀, ojú mi ò ní kúrò lára ihò náà. Bí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan bá yọ, mo dá atẹ́gùn padà. Lákòókò yìí, ẹni náà ti jókòó, ó ń fi ọwọ́ kejì mu omi.

Kì í ṣe ohun àná. Ọdún 1989 ni Lucien Campeau ti Kánádà ti kọ̀wé lórí gbígba ibẹ̀ yẹ iṣan ọkàn wò. Ní ti ọrùn, àwọn dókítà ní Họ́ńgárì fi aláìsàn 260 wé ọ̀nà méjèèjì, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Ewu ńlá, irú bí rọpárọsẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ nínú àwọn tí wọ́n gba ọwọ́ wọn, nǹkan bí 10 nínú 100 ni wọ́n ní láti yí padà sí ọ̀nà mìíràn; ti itan kò tó 2.

Mi ò lè fi ìyẹn pamọ́. Iṣan ọwọ́ tín-ín-rín, ó sì lè sún kì mọ́ rọ́bà tí dókítà ń tì gba inú rẹ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí iṣan ọrùn apá òsì, igun rẹ̀ máa ń le fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àyàfi àwọn tí iṣan ọrùn òsì yìí àti èyí tó ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún jọ hù láti ìdí kan náà. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, ó yẹ ká dá iṣan ọwọ́ rẹ̀ sí. Bákan náà, ewu kí ìdọ̀tí ara iṣan já lọ sí ọpọlọ ṣì wà níbikíbi tí a bá gbà. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń na asẹ́ kékeré sínú iṣan ọrùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí aláìsàn béèrè kó tó fọwọ́ sí ìwé: “Dókítà, ṣé ẹ lè gba ọwọ́ mi? Ṣé ọwọ́ yín ti mọ́ ọn?” Bí ìdáhùn sí ìkejì bá jẹ́ rárá, kí wọ́n gba itan.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín