Má jẹ́ kí wọ́n gé e ní bélúbélú

Àkànní ọmọ mi,

Nígbà tó o pè lálẹ́ àná, mo kàn ń dá ọ lóhùn ni, ọkàn mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ọ̀fun tó wú ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó o fi kún un ni: pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni, pé kò dùn ọ́, pé ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé.

O kéré nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, bóyá orí mi tó pá nìkan lo rántí. Òkèlè àmàlà ló há mi lọ́fun lọ́jọ́ Sunday kan. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lanu síwájú dígí. Tọ́ńsìlì, ẹran kékeré méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀fun, ti apá ọ̀tún ti tó awùsá, ti apá òsì wà bó ṣe wà. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò kó kápúsù fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lò ó tán. Àwọn àgbà ilé ní bélúbélú ni, kí n lọ gé e. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló gbà mí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣòfò, títí kókó fi yọ lọ́rùn mi, tí mò ń làágùn lóru bí ẹni tí òjò pa.

Nígbà tí dókítà etí, imú àti ọ̀fun gé tọ́ńsìlì náà lọ sí láàbù, lymphoma ni wọ́n bá níbẹ̀. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni, tọ́ńsìlì sì kún fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní diffuse large B-cell ni tèmi, òun náà ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ń yára dàgbà, ṣùgbọ́n oògùn ń ká a. R-CHOP, àpapọ̀ oògùn jẹjẹrẹ, ni wọ́n fún mi, ìgbà mẹ́fà, ọjọ́ 21 síra wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, rituximab, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, mú mi gbọ̀n títí nọ́ọ̀sì fi dín bó ṣe ń kán kù. Òmíràn nínú wọn pupa bíi sobo. Wọn ò sọ fún mi pé ìtọ̀ mi náà máa pupa. Igbe tí mo ké, bàbá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ já ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀.

N ò sọ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe ọ́ o. Ọ̀fun tó ń wú, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n má ra kápúsù mọ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní prednisolone, oògùn tó ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀, kí wọ́n tó gé díẹ̀ wò: ó lè mú kó rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí láàbù má rí i mú. Tí wọ́n bá ní kí o ṣe àyẹ̀wò HIV, má bínú, wọ́n ṣe é fún èmi náà.

Mo ti fi owó sínú àkáǹtì rẹ. Ọjọ́ Tuesday ni kí o lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Tó o bá ti gba káàdì, pè mí, kí n bá ọ sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi pè ọ́ wọlé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ