Dúpẹ́, jẹ́ kí Màmá gba abẹ́rẹ́ wọn

Kábbà, Ìpínlẹ̀ Kogí
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. O kú òtútù, o kú iṣẹ́. Ọyẹ́ ti ń lọ níhìn-ín, igi kaṣú ẹ̀yìn ilé yín sì ti tanná.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lóru àná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́, ẹkún ni mo sì ń gbọ́ nínú rẹ̀ ju ìbínú lọ. O ní kí n sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé wọn kò gbọdọ̀ gún Màmá ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora líle yẹn, mọ́ láti àárọ̀ ọ̀la, pé irú oògùn tó ń pa èèyàn lójú títì Vancouver, ní Kánádà tí o wà, kò gbọdọ̀ wọ ara ìyá rẹ. Mo pè ọ́ títí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ ká sọ gbólóhùn méjì. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé nìyẹn. Mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi o. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bá mi jà.

Ìwọ kò rí Màmá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí o bá pè, wọ́n á ní ara ń le, torí wọn kò fẹ́ kí o máa dá sunkún nílẹ̀ àjèjì. Dókítà ti sọ fún ọ pé jẹjẹrẹ ọmú náà ti wọ eegun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí rírí. Ìró òfì Ògìdì tí o rà fún wọn nígbà ìgbéyàwó rẹ, etí rẹ̀ ni wọ́n ń fi eyín há mọ́lẹ̀ lóru kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ igbe wọn. Èmi ni mo fọ ìró náà. Etí rẹ̀ ti já, ojú eyín hàn lára rẹ̀ gbangba. Parasítámọ́ọ̀lù kò ràn wọ́n lọ́wọ́, tramadol ṣe díẹ̀, nígbà tó yá kò tó mọ́. Mọ́fíìnì olómi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n sùn: mílígíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìgbà tí èébì dé, tí omi lásán kò dúró nínú wọn mọ́, ni dókítà ní ká wá dá wọn dúró sí ọsibítù kí wọ́n máa gbà á lábẹ́ awọ. Kò sí ẹni tó kù gìrì gbé abẹ́rẹ́ o.

Mo fẹ́ kí o rí bí wọ́n ṣe ń fún wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lára ògiri, àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì ló sì ń ṣí i pọ̀. Ìgò oògùn náà kò ju ìka ọmọdé lọ, mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 1. Ọ̀kan á ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò sókè, orúkọ oògùn, iye rẹ̀, ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́; èkejì á fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Wọ́n á wá ṣẹ́ ọrùn ìgò, wọ́n á fa ìdajì, 5 péré. Ìdajì tó kù kì í wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ojú àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń dà á nù, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí ìwé. Abẹ́rẹ́ tuntun ni ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gún wọn. Tí wọ́n bá ti lò ó tán, wọn kì í dé e padà, inú páálí líle kan ló ń lọ tààrà.

Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ 5 nígbà tó jẹ́ pé 10 ni Màmá ń mu nílé. Dókítà ní èyí tí a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ti mú nínú rẹ̀ kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a bá gún kò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wá fi iye ti ẹnu gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ó ti fún un ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà mí gan-an. Mo ronú iye ilé tí wọ́n ti ń ṣírò oògùn láìsí ẹni tó sọ èyí fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá sùn láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi ń wọ̀. Àyà mi já. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fọwọ́ kan èjìká wọn, ó ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lajú.” Wọ́n lajú, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì padà sùn. Nọ́ọ̀sì ní oorun tí ìrora ti gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń sùn, pé ẹni tí a pè tó dáhùn kò ní wàhálà. Ẹni tí a pè, tí a gbọn, tí kò dáhùn, tí èémí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ń dúdú, òun ni ká pariwo lé lórí. Ó wá kọ́ mi bí a ṣe ń ka èémí. Mo gbé ọwọ́ lé àyà Màmá jẹ́jẹ́, mo ń wo aago fóònù fún ìṣẹ́jú kan gbáko: kó gbé sókè, kó wálẹ̀, ọ̀kan. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ mi. 16. 14. 15. Ó ní bí ó bá wálẹ̀ dé 10 kí n wá pe àwọn kíákíá, kí n má dúró tún un kà. Oògùn tó ń pa iṣẹ́ mọ́fíìnì rẹ́, naloxone, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ lè tán ní nǹkan bí wákàtí kan nígbà tí mọ́fíìnì ṣì wà lára, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá fún kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ. Títí di òní, a kò nílò rẹ̀.

Mi ò kọ èyí bí ẹni tí kò mọ ohun tí ò ń sá fún. O rántí Táyọ̀ àbúrò mi. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ló ń bá a fínra láti kékeré, ìrora rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Kẹ́mísì kan ló ń gún un ní pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora kan. Kò sí ìwé, kò sí ẹni tó béèrè ìgbà tó gbà á kẹ́yìn, kò sí ẹni tó ka èémí. Owó ni wọ́n ń kà. Nígbà tó yá, ó ń rà á lọ sílé, ó ń gún ara rẹ̀ lójú kan náà, títí itan rẹ̀ méjèèjì fi le bí pákó, tí egbò tí kò fẹ́ jinná sì yọ lójú abẹ́rẹ́. Ìgbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹnì kan wo itan yẹn, ó ní ọ̀mùgọ̀ tó ń lo oògùn olóró ni, kò sì fún un ní nǹkan kan fún ìrora lọ́jọ́ náà. Inú mi kò tíì yọ́ sí ẹni yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ náà láìṣọ́ ọ, wọ́n tún wá fi í sílẹ̀ sínú oró. Táyọ̀ ti ń gba ìtọ́jú tó péye báyìí, ó ń rìn, ṣùgbọ́n àpá yẹn kò lọ.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ pé láti ọdún 2016 tí ìjọba British Columbia, ìpínlẹ̀ tí Vancouver wà, ti kéde ikú oògùn olóró ní pàjáwìrì lò ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣubú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tà lójú títì yẹn, fentanyl, oògùn ìrora líle mìíràn, tí wọ́n lú mọ́ nǹkan mìíràn, ẹni tó rà á kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í. Ti Màmá, a mọ iye rẹ̀, a mọ wákàtí rẹ̀, a mọ ẹni tó gún un.

Gbọ́ èyí tó burú jù nínú iṣẹ́ tí o rán mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oògùn yìí ti wà lára wọn. Bí a bá dá a dúró lójijì lọ́la, ara wọn á máa gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ìrora náà á sì padà sí 9 nínú 10 tó wà lọ́jọ́ tí a wọlé. Lánàá, wọ́n ní 3 ni. Bí ara ṣe mọ oògùn lára nìyẹn, kì í ṣe pé Màmá ti di ẹni tó ń wá oògùn kiri. Bí ọjọ́ àtidáwọ́ rẹ̀ dúró bá dé, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á máa dín in.

Àwa tó ń bẹ wọ́n wò ló ń dá mi lágara. Bàbá kan láti Ìyàrá gbé àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé e sí abẹ́ àga. Ìyá àdúgbò kan mú hóró oògùn oorun wá, mo ní kí wọ́n mú un padà, torí ọtí àti oògùn oorun pẹ̀lú mọ́fíìnì ló máa ń dá èémí dúró. Ẹlòmíràn fẹ́ ra pentazocine kún un. Dókítà ní ó lè lé mọ́fíìnì kúrò lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Mọ́fíìnì náà kò jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn fún wọn, òótọ́ ni, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n tún ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí.

Èébì ti dúró láti àárọ̀ àná. Bí kò bá padà, ọjọ́ Ẹtì la ó máa lọ sílé, wọ́n á sì padà sí olómi. O máa rí 10 lára ìwé dípò 5, má ṣe jẹ́ kó já ọ láyà, mo ti sọ ìdí rẹ̀ lókè. Èmi ni n ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ dání.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, nígbà tó bá fi di méje, wọ́n á ti jókòó, ojú wọn á ti là. Aago méje àárọ̀ ọ̀la níhìn-ín, alẹ́ òní ló ṣì máa jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Pe fóònù mi nígbà yẹn, n ó gbé e fún wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹnu ara àwọn bá ọ sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé