Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìwé owó tí kò ti ọwọ́ wa jáde

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kétu, ní Pọbẹ̀, ní Kùtọnu, àti ẹ̀yin ará Ìmẹ̀kọ tí ẹ ń sọdá ẹnubodè wá ra aṣọ lọ́wọ́ wa, ẹ kú òwò o.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa kan pè mí láti Pọbẹ̀. Ó ní, "Ìyá Aláṣọ, ṣé ẹ ti yí nọ́mbà tí a fi ń sanwó padà ni?" Èmi kò yí nǹkan kan padà. Ó fi ímeèlì kan hàn mí, tí ìwé owó (ìwé tó ń sọ iye tí oníbàárà máa san) wà nínú rẹ̀: àdírẹ́sì wa gan-an ló wà lórí rẹ̀, kò ku lẹ́tà kan, àfi nọ́mbà owó tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọpẹ́ ni pé ó pè kó tó sanwó.

Mo rò pé wọ́n ti já ímeèlì wa gbà ni. Wọn ò já a gbà. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà ló là mí lójú: ìlànà SMTP tí ímeèlì ń bá rìn, tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún 1982, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé "ṣé ìwọ lo lorúkọ yìí?" Bí ẹni kọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé ni.

Ará Kétu kì í fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Ẹ lọ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Àwa náà fi olùṣọ́ mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà orúkọ ìkànnì wa, nínú DNS, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ ìkànnì tí gbogbo ayé lè kà. SPF ń dárúkọ àwọn sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́) tó láṣẹ láti bá wa jíṣẹ́. DKIM jẹ́ òǹtẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wà lọ́dọ̀ sáfà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, èkejì rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó gba lẹ́tà á fi yẹ òǹtẹ̀ náà wò. Bí ẹnìkan bá yí nọ́mbà kan ṣoṣo padà lójú ọ̀nà, òǹtẹ̀ ti bàjẹ́. DMARC ló wá ń wo àdírẹ́sì tí ẹ̀yin ń rí lójú, bóyá ó bá ọ̀kan nínú méjèèjì mu, tó sì ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí èyí tí kò bá mu.

SPF yìí ló fojú wa rí màbo. A ti ní ìlà SPF kan tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, a tún lọ kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni orúkọ ìkànnì kan gbọ́dọ̀ ní. Tó bá ti di méjì, àṣìṣe ni ẹni tó ń gbà á á kà á sí, kò sì ní tẹ̀ lé èyíkéyìí. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìwé owó wa fi ń bọ́ sínú spam yín, ibi tí wọ́n ń kó ímeèlì tí wọ́n fura sí sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. A ti pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

A ò fi ìkanra bẹ̀rẹ̀ DMARC. "None" la kọ́kọ́ kọ, ìyẹn ni pé kí wọ́n kàn máa ròyìn fún wa. Ìròyìn yẹn ló tú àṣírí: ohun èlò tí akọ̀wé wa fi ń ṣírò owó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ wa láìní òǹtẹ̀ wa! Ká ní "reject", ìyẹn ni pé kí wọ́n má gbà á rárá, la fi bẹ̀rẹ̀, àwa fúnra wa là bá tì síta. Ní báyìí a wà ní "quarantine": ayédèrú á lọ sínú spam. Nígbà tí ìròyìn bá mọ́ tónítóní, a ó bọ́ sí "reject".

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kò nílò gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti ní ẹni tó bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo ímeèlì wọn gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, kékeré ni o, ńlá ni o.

Àmọ́ ibi tí agbára olùṣọ́ wọ̀nyí mọ rèé. Ẹnìkan lè ra orúkọ tó jọ tiwa, kó fi lẹ́tà kan kún un, kó sì ṣe òǹtẹ̀ tirẹ̀. Wọn ò sì lè ṣọ́ WhatsApp. Nítorí náà, a kò ní fi ímeèlì yí nọ́mbà owó wa padà láé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, nọ́mbà tó wà lára àpò ọjà wa ni kí ẹ pè, ẹ má pe èyí tó wà nínú ímeèlì.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè léésì lóṣù tó kọjá tí ẹ kò rí ìwé owó gbà, ẹ wo inú spam. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pè wá, a ó tún un fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ, Kétu