Àwòrán tí wọ́n kùn kọ́ ni pílánẹ́ẹ̀tì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa WASP-39b, pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po lọ́nà jíjìn réré, mo sì kí akọ̀ròyìn yín kú akitiyan. Àwòrán tí ẹ fi sí i ló bí mi nínú díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí awò awọ̀nàjíjìn James Webb ṣe rí i nìyẹn. Rárá o. Ayàwòrán ló jókòó tì í, tó kùn ún láwọ̀. Webb pàápàá kò rí pílánẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìràwọ̀ rẹ̀ ló ń wò, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà dín kù fúngbà díẹ̀ nígbà tí ohun kan gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Lóòótọ́, wọ́n ti ya fọ́tò pílánẹ́ẹ̀tì mélòó kan, irú àwọn tó yí ìràwọ̀ HR 8799 ká, tí wọ́n kéde ní 2008. Àmì tóótòòtó lásán ni wọ́n. Kò sí òkè, kò sí ìkùukùu aláwọ̀ osùn níbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń ta kú lórí èyí? Nítorí pé dídínkù ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá ṣe dín kù tó ló ń sọ bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó. Bí ẹnì kan bá ń wo oòrùn wa láti ọ̀nà jíjìn, tí Júpítérì gba iwájú rẹ̀ kọjá, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa fi dín kù. Tó bá jẹ́ ayé tiwa yìí ni, kò tó ìdá kan nínú 10,000. Àárín ìkọjá kan sí èkejì ni gígùn ọdún pílánẹ́ẹ̀tì náà; ti WASP-39b kò ju ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá sì la afẹ́fẹ́ etí pílánẹ́ẹ̀tì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa máa ń gbé àmì afẹ́fẹ́ náà dání. Ọ̀nà yìí ni Webb gbà rí carbon dioxide níbẹ̀ ní 2022. A ò rí i sójú, síbẹ̀ a mọ irú afẹ́fẹ́ tó bò ó. Ta ló tún ń wá ọ̀dà lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹ tún kọ ọ́ pé ìjọba olówó nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní 1999, nígbà tí David Charbonneau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí pílánẹ́ẹ̀tì tó gba iwájú ìràwọ̀ HD 209458 kọjá, ojú awò tí wọ́n lò kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní fífẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Charbonneau nígbà náà. Awò tèmi tóbi ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì lásán ni mí.

Ìràwọ̀ HD 189733 ni mo fẹ́ràn jù. Ojú lásán ò rí i, ṣùgbọ́n awò kékeré rí i dáadáa, bí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá sì ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń fi ìdá méjì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, fún àkókò tí kò pé wákàtí méjì. Ó máa ń ku wákàtí kan kí pílánẹ́ẹ̀tì náà kọjá tí mo ti ń ya fọ́tò, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, n kì í sì í dáwọ́ dúró títí yóò fi kọjá tán pátápátá. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí awò náà kí ìràwọ̀ lè fẹ̀ kí ó sì ṣe bàìbàì, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá kó jọ sójú kan nínú kámẹ́rà, á kún àkúnya, òǹkà rẹ̀ ò sì ní ṣeé gbára lé mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi í wé ìràwọ̀ aládùúgbò rẹ̀ nínú fọ́tò kan náà. Bí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá kọjá, àwọn méjèèjì ló máa ṣú. Bó bá jẹ́ HD 189733 nìkan ló ṣú, a jẹ́ pé àlejò wa ti dé nìyẹn. Ìyá àwọn ọmọ mi a máa bi mí láàárọ̀ pé kí ni mo rí. Èsì mi kì í yí padà: n kò rí nǹkan kan, àmọ́ ó kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Bí pílánẹ́ẹ̀tì kan bá ń kọjá ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí a fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ṣi gígùn ọdún rẹ̀ kà, lẹ́yìn ọdún kan tiwa, àkókò tí a ń retí rẹ̀ á ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 yẹ̀. Àkókò lórí Webb kò sì ṣeé fi ṣòfò báyẹn. Nítorí ẹ̀ ni ExoClock, ètò tó ń kó àkókò ìkọjá àwọn pílánẹ́ẹ̀tì jọ, ṣe ń gba òǹkà lọ́wọ́ irú wa, kí àkókò ìkọjá gbogbo wọn lè pé kí ilé-iṣẹ́ òfuurufú Yúróòpù tó gbé Ariel, awò tí yóò máa yẹ afẹ́fẹ́ wọn wò, lọ sókè.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín tí wọn ò ní awò kankan ńkọ́? Exoplanet Watch ti NASA, ilé-iṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà, dá ètò kan sílẹ̀ tó ń fún ènìyàn ní fọ́tò tí awò ti yà sílẹ̀, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tiwọn ṣírò ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀. Ẹ bá mi fi ìyẹn kún ìròyìn yín nígbà mìíràn, ẹ sì tẹ gíráàfù gidi tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe dín kù hàn síbẹ̀. Bí ẹ bá wá a tì, mo ní i nílé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì