Ẹ̀sùn Lórí Gíà Ọkọ̀ Tí Ẹ Tà Fún Mi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, oṣù Keje, 2025.

Sí Máníjà Àgbà,
Ẹ̀ka Títa Ọkọ̀ Tòkunbọ̀.

Ọ̀gá wa,

Mo kí yín o. Èmi ni obìnrin aláṣọ tó ra sàlúùn aláwọ̀ fàdákà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta ọdún yìí, ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ náírà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá sí ọ́fíìsì yín nítorí gíà ọkọ̀ náà, n kò sì tíì fojú kàn yín rí. Àwọn ọmọ tó wà níwájú ló ń dá mi lóhùn. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé báyìí kí ó lè dé ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ra ọkọ̀ yẹn, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán rí lọ́dọ̀ yín. Peugeot 504 ni bàbá mi fi kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, ọkọ̀ oníkúlọ́ọ̀ṣì ni mo sì ti ń wà láti ọdún 26 sẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, dókítà ní kí n jáwọ́ nínú kúlọ́ọ̀ṣì títẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mò ń kó aṣọ láti Gbági lọ sí Adó-Èkìtì, ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ọmọ mi ti ń wá. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà náà rí mọ̀ ọ́n: téèyàn bá ti ré Iléṣà kọjá tó sì kọrí sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè ló kù. Téèyàn bá gùn ún tán, ó di dandan kó sọ̀ ọ́, ẹrù á sì máa ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Bàbá mi ò fi òfin yìí ṣeré rárá: gíà tí o bá fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ni kó di ọkọ̀ mú, kí bíréèkì lè sinmi.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó ta ọkọ̀ fún mi nìyẹn. Mo ní n kò fẹ́ ọtomátíìkì lásán. Ó ṣílẹ̀kùn sàlúùn yìí, ó fọwọ́ lé gíà, ó fi ojú ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ D, ibi tí ọkọ̀ ti ń yan gíà fúnra rẹ̀, hàn mí, níbi tí wọ́n kọ M sí pẹ̀lú ààmì àròpọ̀ àti ààmì àyọkúrò. Ó ní, “Màmá, Tiptronic nìyí. Kò sí kúlọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ó máa yan gíà tó wù yín.” Porsche ló ni orúkọ yẹn, àwọn ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ 911 wọn ti ọdún 1990, BMW ń pe tiwọn ní Steptronic, Volvo ń pe tiwọn ní Geartronic. N kò bá ọmọ náà jà lórí orúkọ. Iṣẹ́ tí ó ní gíà náà ń ṣe ni mo sanwó fún, ó sì wà nínú ìwé ìpolówó yín tí mo ṣì ní lọ́wọ́: ọtomátíìkì onígíà mẹ́fà tó ní mánúà. A dán an wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọgbà yín ni, ibi tí ọkọ̀ kì í ti í kúrò ní gíà kìíní kéèyàn tó kan géètì.

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹta ni mo kọ́kọ́ gbé e gba Ẹ̀fọ̀n. Ẹrù àǹkárá kún búùtù, ó kún ìjókòó ẹ̀yìn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìlú, mo fa gíà sí ojú M, mo tì í sí ààmì àyọkúrò lẹ́ẹ̀kan kí gíà lè sọ̀ kalẹ̀. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù: D. Mo tún tì í. D. Mo dá a padà, mo tún fà á, mo tì í lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, D yẹn ò yẹ̀ bí ẹni pé n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo sì ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tòtù, ńṣe ni ọkọ̀ ń gun gíà lọ sókè fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò di nǹkan kan mú. Kò sí 2, kò sí L, àwọn ojú gíà kékeré, lójú gíà yẹn tí mo lè sá sí. P, R, N, D àti M yìí nìkan ló wà níbẹ̀. Tírélà kan wà níwájú mi. Ó ku bíréèkì. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tú u sílẹ̀, mo tún ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kí n tó rí ibi tó tẹ́jú, èéfín ti ń jáde lára táyà iwájú méjèèjì, òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan. Mo fi òkúta há táyà, mo jókòó sórí ẹrù mi lẹ́bàá ọ̀nà fún ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ mi ò yéé gbọ̀n.

Ọ̀gá wa, ẹ wá gbọ́ èsì tí wọ́n fún mi lọ́fíìsì yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀ṣọ́ lásán ni M, pé D ni gbogbo ayé ń lò. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní lílo M máa ń ba gíábọ́ọ̀sì jẹ́, pé kí n dúpẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Èyí ló dùn mí jù, torí ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó ń tà. Ọwọ́ mi kọ́ ló ń wọ gíà nínú ọkọ̀ yẹn. Bí mo bá ti gíà sí àyọkúrò, súìṣì kékeré kan ló ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà gíábọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà yìí ló ń pàṣẹ fún àwọn solenoid, ìyẹn àwọn fáàfù kékeré oníná mànàmáná, àwọn yẹn ló sì ń darí ọ́ìlì tó ń fún gíà mú. Bí ohun tí mo béèrè bá lè mú kí ẹ́ńjìnnì sáré ju agbára rẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà kò ní gbà á. Bí mo bá gbàgbé gíà sókè tí mo sì fẹ́ dúró, òun fúnra rẹ̀ á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti ronú kan gbogbo èyí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà pẹ̀lú pé kéèyàn fi gíà kékeré sọ òkè tó gùn.

Nígbà kẹta, wọ́n gba ọkọ̀ náà. Ó lo ọjọ́ 11 ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù yín, mo sì san 185,000 náírà. Nígbà tí mo gbà á padà, M ń hàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀ ọ́ láti 3 sí 2, á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà á já “gbà!” débi pé orí mi á fì síwájú. Nígbà mìíràn, D á tún padà wá fúnra rẹ̀.

Mẹkáníìkì àdúgbò mi ṣí ìdérí gíà lójú mi. Súìṣì tí ẹ gbówó rẹ̀ lọ́wọ́ mi, èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ẹnu rẹ̀. Wáyà méjì ni wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téépù dúdú wé. Mo ya fọ́tò wọn, wọ́n wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mẹkáníìkì náà tún fi rìsíìtì yín wé ìwé ọkọ̀: irú ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì tí ìwé náà dárúkọ kọ́ ni ẹ dà sí i. Nínú gíà ọtomátíìkì, ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí a fi ń mú irin jọ̀lọ̀ nìkan, òun náà ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọkọ̀ mọ èyí jù mí lọ.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ẹ pààrọ̀ súìṣì yẹn sí tuntun, kí ẹ sì kó ògbólógbòó lé mi lọ́wọ́. Ẹ fa ọ́ìlì tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ da irú èyí tí ìwé sọ sí i, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí mẹkáníìkì yín wọ ọkọ̀ pẹ̀lú mi, kí a jọ sọ òkè kan kalẹ̀ nínú M kí n tó fọwọ́ síwèé kankan. Bí gíábọ́ọ̀sì bá ti bàjẹ́ nítorí ọ́ìlì yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tún un ṣe, bí kò bá sì ṣeé tún ṣe, kí ẹ gba ọkọ̀ yín, kí ẹ dá owó mi padà.

Mo ń retí èsì yín nínú ìwé, kó tó di ọjọ́ 28 oṣù yìí. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, màá kó rìsíìtì, fọ́tò àti ìwé ìpolówó yín lọ bá àjọ FCCPC tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ọkọ̀ náà wà nílé. Láti ìgbà tí mo ti rí wáyà yẹn, bọ́ọ̀sì ni mo fi ń kó ẹrù lọ sí Adó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, aláṣọ ní Gbági.